A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò: Ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò tó fẹ́ gbé báàgì kọ́yìn lọ sí Kútọnu, Lomé àti Accra

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, tó ń ta ánkàrá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà, èlùbọ́ àti pákó. Ìyá Ìbejì là ń pè é. Lọ́jọ́ kan ló pè mí wọlé, ó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ti fọwọ́ sí owó tóun fẹ́ yá, òun sì ti pinnu pé òun ò ní í ra ọjà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ní Gbági mọ́. Ó ní Lomé lòun máa lọ, kóun lọ ra aṣọ níbi táwọn tó ń tà á fáwọn èèyàn Gbági gan-an ti ń rà á. Ó wá bi mí pé, "Akọ̀ròyìn, ìwọ tó o máa ń kọ̀wé nípa okòwò, báwo ni wọ́n ṣe ń débẹ̀? Èló ló máa ná mi?"

Ká sòótọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Mà, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wò ó." Ọjọ́ ìsinmi mi lẹ́nu iṣẹ́ ti tó, mo sì ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé mo fẹ́ rìn dé àwọn ìlú yẹn. Báàgì kan péré ni mo gbé kọ́yìn, irú èyí táwọn ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn ń gbé kiri, ni mo bá kọrí sí ọ̀nà Èkó. Kútọnu, Lomé àti Accra ni mo lọ, ọkọ̀ èrò ni mo sì wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ bọ̀ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fẹ́yin òǹkàwé wa lónìí, nítorí Ìyá Ìbejì nìkan kọ́ ló wà nínú irú èrò bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àṣà tuntun

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń gbé báàgì kọ́yìn kiri ìlú onílùú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ orúkọ Ọlábísí Àjàlá nílẹ̀ Yorùbá? Lọ́dún 1952, kẹ̀kẹ́ ológeere ló gùn láti Chicago dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ó gun ọ̀kadà Vespa kiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó sì kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà lọ́dún 1963. Ọdún 1999 ló kú, ṣùgbọ́n títí dòní, ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò bá dúró sílé, Àjàlá là ń pè é.

Àwọn oníṣòwò wa pàápàá ti rìn jìnnà kí wọ́n tó bí Àjàlá. Ẹ bi àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà léèrè ibi táwọn bàbá wọn ti rówó kọ́lé, Ghana ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi àwọn ará Èjìgbò, Abidjan ni wọ́n máa dárúkọ. Àdúgbò kan wà ní Accra tí wọ́n ń pè ní New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọṣẹ dúdú tiwa, "alata samina" ni wọ́n ń pè é ní Ghana. Àlàtà yẹn, àwa Yorùbá ni wọ́n fi ń pè.

Ní ti àwọn òyìnbó, ìtàn kan wà tó yẹ kí oníṣòwò gbọ́. Lọ́dún 1972, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony Wheeler àti ìyàwó rẹ̀, Maureen, gbéra láti London, wọ́n gba orí ilẹ̀ la Éṣíà kọjá títí wọ́n fi dé Sydney, ní Australia. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, sẹ́ǹtì 27 péré ló kù lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn wá ń bi wọ́n léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe rìn ín, èló ni wọ́n ná, ibo ni wọ́n sùn. Wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́dún 1973. Ìwé yẹn ló di ilé-iṣẹ́ Lonely Planet. Lọ́dún 2007, iléeṣẹ́ BBC ra ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2011, wọ́n ra ìyókù. Àmọ́ lọ́dún 2013, mílíọ̀nù 51 àbọ̀ pọ́n-ún ni BBC tà á, owó tó kéré púpọ̀ sí èyí tí wọ́n fi rà á. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ẹni tó rìn tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ ti ní ọjà lọ́wọ́. Ẹni tó sì rà á lówó gọbọi láìmọ ibi tí ayé ń lọ, àdánù ló máa fi gbà.

Ìwé ìrìnnà ṣáájú owó

Ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979 làwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Dakar pé kí ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90 níbẹ̀. Nàìjíríà, Benin, Togo àti Ghana wà nínú rẹ̀ dòní. Mali, Burkina Faso àti Niger ló jáde nínú ẹgbẹ́ náà lóṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn lójú ọ̀nà tí mò ń sọ yìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àìgba físà kò túmọ̀ sí àìmú ìwé dání. Ẹ gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, kẹ́ ẹ sì ní káàdì tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára yín kẹ́ ẹ tó gbéra. Láti oṣù Keje, ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbà á títí ayé, nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé káàdì yín ti pẹ́ jù.

Ní gbogbo ẹnubodè, ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sínú ìwé yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde níhìn-ín, àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé lọ́hùn-ún. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ gba ẹ̀yìn kọjá, pé ó yá jù. Ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀, kò lè fi hàn pé ọjọ́ 90 òun kò tíì pé, owó tó sì rò pé òun fi pamọ́ ló máa kó sílẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá dá a dúró.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìwé yìí o. Ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969 nìjọba Busia ní Ghana kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá tó ti ní ṣọ́ọ̀bù, tó ti bímọ, tó ti tà á láwìn fún oníbàárà, ṣe ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn tí kò níwèé, àwọn ará Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì oníkóróbójó tí wọ́n fi kẹ́rù lọ lọ́jọ́ yẹn là ń pè ní "Ghana-Must-Go" dòní. Ohun tó ba àwọn méjèèjì jẹ́ kò ju ìwé lọ.

Ibi tówó ti ń jò

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin lẹ máa tẹ̀, àmọ́ oríṣi owó mẹ́ta ni: náírà, sẹ́fà tí Benin àti Togo jọ ń ná, àti sídì ti Ghana. Sẹ́fà kì í fò sókè sódò bíi tiwa, nítorí wọ́n ti so ó mọ́ owó yúrò: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957. Náírà àti sídì ló ń mì. Nítorí náà, tí náírà bá já wálẹ̀ láàárín ìgbà tẹ́ ẹ fi owó sílẹ̀ fún oníṣòwò Lomé àti ìgbà tẹ́ ẹ lọ kó ọjà, gbèsè ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣẹ́wó ní ẹnubodè ń jẹ èrè tiwọn, kò sì burú. Ohun tó burú ni kéèyàn má mọ iye tí wọ́n ń jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ kúrò ní Bódìjà pẹ̀lú náírà 100,000, tí gbogbo ẹni tó bá bá yín ṣẹ́wó sì ń yọ náírà 5 nínú 100. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, ohun tó kù jẹ́ 95,000. Tẹ́ ẹ bá tún ṣẹ́ ẹ sí sídì, ó di 90,250. Tẹ́ ẹ bá wá ṣẹ́ ẹ padà sí náírà, 85,737 náírà àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ló kù. Ó lé ní 14,000 náírà tó ti lọ, ẹ ò sì tíì ra omi mu! Ìyẹn ni pé iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná ní ìlú kan nìkan ni kẹ́ ẹ ṣẹ́, kẹ́ ẹ má sì ṣẹ́ sẹ́fà sí sídì tẹ́ ẹ bá lè yẹra fún un.

Èmi náà fara gbá. Ní ẹnubodè kan, ọkùnrin kan ká owó méjì-méjì kó tó kà á lé mi lọ́wọ́. Bí ojú mi ṣe ń wo ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìkejì rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Inú ọkọ̀ ni mo ti tún un kà, mo wá rí i pé ó dín. Ojú àlejò ló ń là, kì í ríran. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi owó tèmi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi tí mo bá ti ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ní Ghana, ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Oṣù Keje, ọdún 2007 ni wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó wọn, tí 10,000 sídì àtijọ́ di sídì kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà làwọn àgbà ọjà ṣì ń fi owó àtijọ́ dárúkọ iye. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ iye kan tó pọ̀ jọjọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ké gbàjarè.

Bí wọ́n ṣe ń rìn nínú ìlú wọn

Kútọnu lẹ máa kọ́kọ́ kàn lẹ́yìn Sẹ̀mẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń rìn níbẹ̀, "zemidjan" ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Fọ̀n ni "tètè gbé mi lọ." Ẹ kọ́kọ́ dúnàá-dúrà kẹ́ ẹ tó gùn ún, kẹ́ ẹ sì gbé báàgì sáyà kì í ṣe sẹ́yìn. Èdè Faransé nìjọba ń sọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wọ ọjà Dantokpa tó wà létí ọ̀sà, ẹ fi Yorùbá kí wọn, ẹ máa rẹ́ni dá yín lóhùn. Nàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, kò jìnnà, àwọn tiwa kún ibẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá kọjá Hilakondji wọ Togo, ẹ fa aago yín sẹ́yìn ní wákàtí kan. Aago Benin àti tiwa dọ́gba, ti Togo àti Ghana ló fi wákàtí kan rẹlẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ẹni tó bá fi aago Ìbàdàn ṣàdéhùn pẹ̀lú oníṣòwò Lomé, ẹnu ọ̀nà ló máa jókòó sí.

Lomé ni ìlú aṣọ. Ọjà ńlá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà, níbi tí àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ti di olówó. Ánkàrá tó ń wá láti ilẹ̀ Holland ni wọ́n tà tí wọ́n fi ra ọkọ̀ Mercedes-Benz, ìyẹn ló bí orúkọ náà. Ilé alájà tó wà láàárín ọjà náà jóná lóṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2013, ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn sì ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó sílẹ̀ de ọjà níbikíbi, kó rántí iná.

Ẹnubodè Ghana kò jìnnà rárá, nítorí eteetí ìlú Lomé gan-an ni Aflao wà. Bẹ́ ẹ bá dé Accra, tro-tro ni wọ́n ń wọ̀, ó jọ dáńfó wa. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "Sáàk-sáàk-sáàk," Kwame Nkrumah Circle ni wọ́n ń pè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì ń tan àwọn ará ilé wa jẹ, wọ́n á rò pé ilé làwọn wà.

Ìlú kan wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dé lálẹ́, tí mi ò sì tíì mọ ibi tí mo máa sùn. Awakọ̀ tó gbé mi yí mi ká títí, owó tó gbà lọ́wọ́ mi tó iye tí mo fi sùn lọ́jọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín ní ìlú tẹ́ ẹ kò dé rí. Ẹ sùn sí ìlú tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ gbéra láàárọ̀. Ẹ pín owó yín sọ́nà mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, kẹ́ ẹ sì máa pè é nírọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe tí ì bá jẹ owó ẹlẹ́yàwó

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi Ìyá Ìbejì lọ́nà nìyí. Ní Lomé, mo béèrè iye ánkàrá kan, obìnrin náà dárúkọ iye tó mú mi fò sókè, nítorí kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ní Gbági. Lójú ẹsẹ̀ ni mo tẹ̀ ẹ́ láago pé, "Mà, ẹ máa bọ̀, ọjà ti pọ́ọ̀kú!" Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun máa gbowó náà lọ́la.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n kúrò níbẹ̀ ni mo bi obìnrin náà pé yáàdì mélòó ni. Ó ní yáàdì méjì. Háà! "Pagne" lòun dárúkọ iye rẹ̀ fún mi, yáàdì méjì péré ni pagne kan. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ló jẹ́ yáàdì mẹ́fà tí àwa ń pè ní bọ́ńdùlù kan, mẹ́fà nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ odindi ìdì kan tó jẹ́ yáàdì 12. Mo sọ iye tó sọ di ìlọ́po mẹ́ta, gbogbo pọ́ọ̀kú yẹn sì pòórá. Mo tún sáré pe Ìyá Ìbejì. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ló bá ní, "Ọlọ́run ló yọ mí o. Ṣé o mọ̀ pé oṣooṣù ni wọ́n máa gba owó yẹn lọ́wọ́ mi?"

Èèyàn lè kọjá, ẹrù ńkọ́?

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Àdéhùn ọdún 1979 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ti èèyàn ni. Ti ọjà tún yàtọ̀. Ètò ECOWAS tó yọ owó ibodè kúrò lórí ọjà, ọjà tí wọ́n bá ṣe nínú àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà nìkan ló wà fún. Ọdún 1979 ló bẹ̀rẹ̀ fún ohun oko àti iṣẹ́ ọwọ́, ọdún 1990 ni wọ́n fi ọjà iléeṣẹ́ kún un. Ọjà iléeṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ẹ wá wo aṣọ Lomé. Bí wọ́n bá ta ánkàrá Vlisco fún yín níbẹ̀, Holland ni wọ́n ti ṣe é. Bó bá jẹ́ ti Ṣáínà, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Pé ẹ rà á ní Togo kò sọ ọ́ di ọmọ ECOWAS, kọ́ọ̀tọ́ọ̀mù Nàìjíríà lè béèrè owó ibodè lórí rẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀. Àmọ́ ánkàrá GTP, Tema ní Ghana ni iléeṣẹ́ wọn wà. Irú ìyẹn lẹ lè béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì kọ́ọ̀tọ́ọ̀mù ohun tó wà lórí ìwé àwọn ọjà tí wọ́n fòfin dè àti iye owó ibodè lórí ìyókù.

Ẹ tún rántí pé ẹnubodè lè tì. Láti oṣù Kẹjọ, ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá, ọdún 2020 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, ọjà tó wà lójú ọ̀nà sì há. Ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ sórí ọjà kan ṣoṣo nígbà yẹn mọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ẹni tó bá ń rò ó pé òun kúkú máa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Accra, kó mọ̀ pé òfin tí Ghana ṣe lọ́dún 2013 ya títa ọjà nínú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìlú wọn, ó sì ní kí àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ọmọ Ghana 20 síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló fa bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pa níbẹ̀ lọ́dún 2019 àti 2020. Rírà kò léèwọ̀, títà ló nílé òfin.

Ibi tọ́rọ̀ já sí

Nígbà tí mo padà dé Bódìjà, èmi àti Ìyá Ìbejì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a tẹ́ ìwé tí mo kọ sílẹ̀. A kọ iye aṣọ ní bọ́ńdùlù kan, a fi owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ kún un, a fi owó ibùsùn, owó oúnjẹ, owó tó ń jò lọ́dọ̀ àwọn aṣẹ́wó àti owó ibodè kún un, a wá fi iye bọ́ńdùlù tó lè gbé pín in. Ánkàrá Holland kò mú èrè kankan wá tó ju ti Gbági lọ àyàfi tó bá rà á rẹpẹtẹ. Ti Tema ló ku nǹkan díẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì kò gba gbogbo owó náà mọ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló yá. Ó ṣe páásípọ́ọ̀tù, ó gba abẹ́rẹ́, òun àtàwọn obìnrin méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọn sì jọ pa owó ọkọ̀ pọ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n rà lẹ́ẹ̀kọ́kọ́. Ó ní ìgbà tóun bá tà á tán lòun máa mọ̀ bóyá òun tún ń lọ.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ń gbèrò àtilọ, ẹ fi báàgì kan ṣoṣo lọ wo ọ̀nà ná, kẹ́ ẹ mú ìwé àti bírò dání. Bẹ́ ẹ bá ń béèrè iye ọjà, ẹ kọ́kọ́ béèrè yáàdì mélòó ni.